Ìsìnkú ní Mọ́pà, Òǹwòran ní Toronto: Ohun Tó Ń Dá Fídíò Láìfù Dúró Lójú Ọ̀nà

Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí ìyá náà sọ̀ sínú ibojì, àwòrán dúró gbagidi lórí fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Toronto. Ohun kan ṣoṣo tó rí fún bí ìṣẹ́jú 4 ni ọwọ́ pásítọ̀ tó gbé Bíbélì sókè, pẹ̀lú òrùka funfun kékeré tó ń yí láìdúró láàárín ojú fóònù. Èmi ni mo wà nídìí kámẹ́rà ní Mọ́pà lọ́jọ́ náà. Ìpè rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi kejì: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé wọ́n ti gbé màmá wa wọlẹ̀ ni?” Wọ́n ti gbé wọn wọlẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mi ò rí ohun mìíràn sọ fún un ju pé ó ti rí bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ọwọ́ tèmi wà nínú ẹ̀bi náà, nítorí pé àwòrán tí mo ń rán tóbi ju ohun tí ọ̀nà lè gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti gbogbo ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa ni fídíò ojú-ẹsẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láìfù, ti di ara ètò ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè àti ọdún ìlú, láti Kàbà dé Ìyàrà, Ìsánlú, Mọ́pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Abuja, wọ́n pọ̀ ní Èkó, wọ́n sì pọ̀ lókè òkun, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló lè wọkọ̀ wálé ní ọjọ́ tí ilé bá ránṣẹ́ pè wọ́n. Nígbà tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, wá fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìbéèrè àwọn ènìyàn le sí i: bí owó dátà bá ti lọ sókè, kí ló dé tí láìfù ṣì ń há? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀nà tí fídíò ń gbà jìn púpọ̀, kò sì sí ibi tó há nínú rẹ̀ bí ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn láti inú agboolé dé orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwa tí à ń gbé kámẹ́rà ti máa ń di ẹrù tó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú kámẹ́rà. Àwòrán tí à ń pè ní 720p ní ẹyọ àwọ̀ 1280 ní ìbú àti 720 ní òró, kámẹ́rà sì ń ya 30 irú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní ká rán gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, yóò gba ohun tó lé ní mẹ́gábíìtì 330 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan (mẹ́gábíìtì ni a fi ń wọn bí dátà tó ń lọ ṣe pọ̀ tó), kò sì sí fóònù tó lè rán irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti abúlé wa. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni codec, ìyẹn ọgbọ́n ìṣirò tó ń ká fídíò bí ẹni ń ká agbádá sínú àpótí kékeré. Codec kì í rán odindi àwòrán ní gbogbo ìgbà. Yóò rán odindi kan, lẹ́yìn náà yóò máa rán kìkì ohun tó yí padà: ètè oníwàásù tó ń mì, ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sókè. Kánópì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kúrò lójú kan, nítorí náà kò sí ìdí láti tún un rán. Bí mẹ́gábíìtì 330 ṣe ń di nǹkan bíi 2.5 nìyẹn.

Ibẹ̀ náà sì ni ìdí tí láìfù fi máa ń bàjẹ́ ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Nígbà ìwàásù, àwòrán mọ́ kedere, nítorí pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìyàwó ilé bá bọ́ sójú agbo, tí ìlù bá gbóná, tí àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó fún ara wọn, gbogbo ojú àwòrán ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, codec kò sì rí ohun kan tó lè fi sílẹ̀ láì rán. Bí àyè kò bá sí fún un láti rán sí i, ńṣe ni yóò máa ju ohun kéékèèké nù, títí ojú àwọn ènìyàn yóò fi dà bí ìgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tò wọ́n. Àwọ̀ tilẹ̀ máa ń jìyà ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Nínú fídíò tí à ń rán, iye ojú ibi tí a ti ń wọn àwọ̀ kì í ju ìdá kan nínú mẹ́rin ibi tí a ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ, nítorí pé ojú ènìyàn kì í tètè rí àìpé àwọ̀. Mo ti rí i bí aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní Búnú fún ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, ṣe di àwọ̀ pupa kan ṣoṣo lórí fóònù, tí iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ parẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé rí aṣọ náà ní láti gbé kámẹ́rà súnmọ́ ọn, kó sì mú un dúró jẹ́ẹ́.

Codec tuntun wà tó ń ká fídíò kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. H.264, tó jáde ní ọdún 2003, ni gbogbo fóònù mọ̀. HEVC dé ní ọdún 2013, ó sì lè fi bí ìdajì ẹrù náà gbé àwòrán tó dára bákan náà. AV1 tún tẹ̀ lé e ní ọdún 2018, ó sì tún dín in kù sí i. Ṣùgbọ́n bí codec bá ṣe ń dín ẹrù kù tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó lórí fóònù. iPhone pàápàá kò ní ẹ̀rọ tó ń tú AV1 nínú títí di ọdún 2023, fóònù tó sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, tó ti ń gbóná kí ìwàásù tó parí, kò lè ká a lójú ẹsẹ̀. Fún àwa tí à ń rán láti ibí, H.264 ni a ṣì ń bá lọ.

Láti inú fóònù, fídíò gbọ́dọ̀ fò dé orí òpó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Òpó ń fi agbára tó tó 20 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ sí fóònù. Fóònù, tí bátìrì kékeré ń gbé ró, kì í fi ju bí 0.2 wáàtì lọ dá a lóhùn. Nítorí náà, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kún lókè fóònù ń sọ bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó ni, kò sọ bí òpó ṣe ń gbọ́ fóònù. Ẹni tó ń wo fíìmù lè máa gbádùn ní ibi tí ẹni tó ń rán láìfù ti ń làágùn. Ẹ tún fi àwọn òkè wa kún un. Àpáta yí Kàbà ká, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abúlé Ìjùmú àti Yàgbà wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ìgbì rédíò ni òpó àti fóònù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: èyí tó lọ sílẹ̀, bíi ti 900 MHz, lè rìn jìnnà, kó sì yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ga bíi 2600 MHz, tó ń gbé dátà púpọ̀, kì í jìnnà, àpáta sì ń dá a dúró. Mo ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kan lọ sí ìdí igi ọsàn tí kò jìnnà ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, tí ohun tí mo lè rán sì di ìlọ́po mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni ti èrò. Òpó kan náà ni gbogbo àlejò tó wá sí ìsìnkú ń lò, bí àlejò bá sì tó 300, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò máa gbé fídíò sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp ní ìṣẹ́jú kan náà tí pósí ń wọ ilẹ̀. Àyè tí mo wọ̀n ní aago 8 òwúrọ̀ kọ́ ni mo máa bá ní aago 11. Ohun tí mo ṣe ní Mọ́pà nìyẹn: mo wọ̀n ọ́n kí èrò tó dé, mo rí mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì fi 3 sínú ètò, bí ẹni pé gbogbo ayé ni yóò fi àyè náà sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀nà tí àwọn áàpù ń gbà rán fídíò lọ sókè tún lè bu epo sí iná. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lo ìlànà kan tó ń jẹ́ RTMP, tó ti wà láti ayé Flash, ohun tí a fi ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan, èyí tó máa ń to ẹrù sórí ìlà kan ṣoṣo, débi pé bí ìdì dátà kékeré kan bá sọnù lójú ọ̀nà, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn yóò dúró dè é títí yóò fi dé. SRT, ìlànà mìíràn tí wọ́n ṣí fún gbogbo ènìyàn láti lò ní ọdún 2017, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó fún ìdì tó sọnù ní àkókò díẹ̀ láti dé, bí àkókò náà bá sì kọjá, yóò tẹ̀ síwájú. QUIC, tí ó di ìlànà àgbáyé ní ọdún 2021, náà ń ya àwọn ìlà sọ́tọ̀ kí ọ̀kan má baà dá ìyókù dúró, kò sì ń já bí fóònù bá kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù. Ẹni tí áàpù rẹ̀ bá fún un láǹfààní láti yan SRT, kó yàn án.

Bí fídíò bá ti kọjá òpó, ọ̀nà ń fẹ̀ sí i. Òpó ìgbèríko sábà máa ń gbé e fún òpó mìíràn nípasẹ̀ máíkírówéèfù, ìyẹn ìgbì rédíò tó ń gba ojú òfuurufú láti òpó dé òpó, títí yóò fi bá okùn fáíbà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà, tí yóò sì gba ìlú ńlá dé etíkun Èkó, kó tó wọ abẹ́ òkun. Ìgbà mìíràn wà tí ibẹ̀ náà ń bàjẹ́: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Okùn Equiano tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022 wà lára ohun tí a fi gbé ara wa ró nígbà náà. Lórí ilẹ̀, ọkọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ló sábà máa ń gé okùn náà, dísẹ́ẹ̀lì tó tán sì ń pa òpó lẹ́nu mọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 láti fi 90,000 kìlómítà okùn fáíbà kún èyí tó wà nílẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí ó kan abúlé wa, kó má ṣe gba ojú títì kọjá lọ.

Lókè lọ́hùn-ún, Facebook tàbí YouTube yóò gba ẹyọ fídíò kan tí a rán, yóò sì sọ ọ́ di oríṣiríṣi ìwọ̀n, ńlá àti kékeré, yóò gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ègé tí kò gùn. Fóònù òǹwòran ni yóò máa yan ìwọ̀n tí ọ̀nà tirẹ̀ lè gbà, ègé lẹ́yìn ègé. Ọgbọ́n yìí gbilẹ̀ láti ọdún 2009 tí Apple gbé HLS, irú tirẹ̀, jáde, òun ló sì jẹ́ kí ẹni tó wà ní Abuja máa rí àwòrán tó mọ́ nígbà tí ẹni tó wà ní abúlé ń rí èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀, láìsí pé ti ẹnikẹ́ni dúró. Ègé kan sábà máa ń gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 6, fóònù sì máa ń kó bí mẹ́ta pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá pe ilé lórí fóònù yóò fi gbọ́ “Àmín” ìjọ kí pásítọ̀ tó parí àdúrà lójú láìfù tirẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ètò náà ṣe rí ni. Ṣùgbọ́n bí fídíò tí a rán láti Mọ́pà bá ti já kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n gé láti inú rẹ̀ ló já, láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù.

Ní báyìí, ẹ yí i padà: kí ìgbéyàwó wà ní Toronto, kí àwọn òǹwòran sì wà ní Ẹ̀gbẹ̀. Níbí, òpó ló ń rán, fóònù ló ń gbà, ìṣòro náà sì yàtọ̀. Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀, akéde yóò lu agogo, yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní gbàgede, gbogbo etí tó wà níbẹ̀ yóò sì gbọ́. Bí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣe nìyẹn: ì báà jẹ́ ènìyàn kan, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ìgbì kan náà ni. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe akéde; ìránṣẹ́ ni, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún onílé kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn 30 bá ń wo ìgbéyàwó náà ní mẹ́gábíìtì kọ̀ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ̀, òpó gbọ́dọ̀ rán mẹ́gábíìtì 30, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó kan náà ni gbogbo wọn ń wò. 4G tó ní àyè ìgbì 20 MHz lè fún ni ní mẹ́gábíìtì 150 lórí ìwé, ṣùgbọ́n àyè tí òpó ìgbèríko ní lè má tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó jìnnà sí òpó ń gba àkókò púpọ̀ kí ìdì kékeré rẹ̀ tó dé, gbogbo ènìyàn sì ni yóò pín ohun tó kù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti borí apá àárín ọ̀nà nípa kíkó ẹ̀dà fídíò sínú kọ̀ǹpútà ńlá ní ìlú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lè wà nítòsí òǹwòran. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà àṣekágbá Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì, Disney+ Hotstar ní Íńdíà gbé e dé ọ̀dọ̀ òǹwòran mílíọ̀nù 59 lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Mike Tyson bá Jake Paul jà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ó lórí Netflix fi ariwo bọnu pé fídíò ń há. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ dẹ́bi fún ọmọ tó ń fi fóònù kan rán láìfù ní Ìyàrà.

Ọgbọ́n akéde náà wà fún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ń pè é ní LTE Broadcast, níbi tí òpó yóò ti rán fídíò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo fóònù tó wà ní àyíká rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ KT ní Kòríà Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán an wò ní Wembley ní ọdún 2015 nígbà àṣekágbá FA Cup, ìlànà rẹ̀ sì tún wọ inú 5G ní ọdún 2022. Kò tàn ká, nítorí pé fóònù gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa gbà á nínú, àwọn tó ń ṣe fóònù kò sì fi í sínú ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà. Mo gbà pé ìgbèríko bíi tiwa ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn nígbà tí wọ́n bá ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, nítorí pé níbi tí òpó ti ṣọ̀wọ́n ni ìránṣẹ́ ojúlé-dé-ojúlé ti ń rẹ̀ jù.

Kí ìyẹn tó dé, àwa fúnra wa lè ṣe akéde. Ní agboolé kan ní Ìsánlú, nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ wọn lórúkọ ní Kánádà, ẹ̀gbọ́n àgbà ní kí gbogbo ènìyàn ti dátà wọn pa, ó so fóònù kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, wọ́n gbé àga sí i, àwọn àgbà jókòó síwájú. Dípò ẹ̀dà 14, ẹyọ kan ló ń bọ̀ láti orí òpó, àwòrán náà sì mọ́ débi pé ìyá àgbà dìde lọ fi ọwọ́ kan ojú ọmọ náà lára tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, “Ó jọ baba rẹ̀.”

Fún àwọn tó ń rán láti ilé, èmi kì í tún rán 720p láti abúlé mọ́. 480p, àwòrán tó kéré sí i, ní nǹkan bíi kílóbíìtì 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (kò tó mẹ́gábíìtì kan) tó, bí a bá so kámẹ́rà mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a kò sì máa jù ú kiri; ìdajì ohun tí mo bá wọ̀n nígbà tí èrò ti dé ni mo sì ń lò. Ohùn ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú, láti inú míksà wọ inú fóònù tààrà, nítorí pé òǹwòran lè fara da àwòrán tó dúró bí ó bá ń gbọ́ àdúrà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fara da ohùn tó ń já. Ohùn nìkan ní kílóbíìtì 48 kò ju MB 22 lọ ní wákàtí kan, nígbà tí 720p ń jẹ ju GB kan lọ. Ẹbí tí owó dátà ń wọ̀ lọ́rùn yẹ kí wọ́n rí líǹkì ohùn lọ́tọ̀. Bí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun kò bá ju mélòó kan lọ, ìpè fídíò lórí WhatsApp, tó ń gba ènìyàn 32, sàn ju láìfù lọ fún wọn, nítorí pé kíákíá ló ń dín àwòrán kù bí ọ̀nà bá há, kò sì ń pẹ́ lẹ́yìn. Bí owó bá wà, ẹ̀rọ wà tó ń so síìmù ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, tí yóò máa pín ẹrù sí orí gbogbo wọn.

Lákòótán iṣẹ́ ọjọ́ náà, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa ká ohun gbogbo sórí káàdì tirẹ̀ ní ìwọ̀n tó dára jù, yálà láìfù ń lọ tàbí kò lọ. Ti Mọ́pà wà lórí káàdì lódindi. Ìṣẹ́jú 20 tó jẹ́ ti ibojì, tó tó GB 1.8, ni mo gé jáde, mo sì dúró títí di aago 2 òru, tí gbogbo àlejò ti sùn tí òpó sì ṣófo. Ó lọ ní bíi mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láì já lẹ́ẹ̀kankan, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà kí aago 3 tó lù. Alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, ó sì jí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti ń tòògbé láti wá wò ó pẹ̀lú rẹ̀.